Má Ṣe Mú Ẹni Tó Fẹ́ràn Rẹ Lọ Ra Jíìpù

Láti ọjọ́ tí Bàbá Àgbà ti kú ni àwọn ènìyàn ti ń wá kí wa ní Àkàkà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń sọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá ti jókòó, tó ti mu omi, tó ti mi orí díẹ̀, yóò ní: "Ta ni yóò wá máa bá wa yẹ ọkọ̀ wò báyìí?" Inú kọ́kọ́ bí mi. Ẹni tó ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ìwé, tó ń ka Bíbélì fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ṣé ọ̀rọ̀ jíìpù nìkan ni ẹ rí rántí nípa rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti kọ ìrántí yìí, èmi náà rí i pé n kò lè gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ọ̀rọ̀ jíìpù ni ìwà wọn wà, inú rẹ̀ náà sì ni ìbànújẹ́ wọn wà.

Bàbá Àgbà kì í ṣe mẹkáníìkì. Wọn kò lè tú plọ́ọ̀gì kan kí ọwọ́ wọn má gbọ̀n. Ohun tó sọ wọ́n di ẹni tí wọ́n ń pè kó wá yẹ ọkọ̀ wò ni pé wọ́n ti jìyà lọ́wọ́ ọkọ̀ ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ìjọba ń gbé wọn láti abúlé kan sí òmíràn. Ọ̀nà kò dára, ọkọ̀ kékeré kò sì lè la ẹrẹ̀ ibẹ̀ kọjá nígbà òjò, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ògbólógbòó jíìpù. Wọ́n ra èyí tí gíà rẹ̀ kú lọ́sẹ̀ tí wọ́n rà á. Wọ́n ra èyí tí wọ́n fi ọ̀dà bo gbogbo ibi tó ti dógùn-ún. Wọ́n ra èyí tó jẹ́ pé iwájú rẹ̀ wá láti ara ọkọ̀ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ wá láti ara òmíràn, tí wẹ́dà kan jó méjèèjì pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn wọ́n pé wọ́n gbọ́n nípa ọkọ̀, wọn yóò ní: "Kì í ṣe ọgbọ́n, ọmọ mi. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni."

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n máa ń lọ wo ọkọ̀ tí ẹnìkan bá fẹ́ rà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ wákàtí tí wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, kí wọ́n tó kí ènìyàn tán, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn yóò kàn yí padà, wọn yóò máa lọ sílé, ẹni tó pè wọ́n yóò sì máa sáré tẹ̀lé wọn pé kí ló dé. Ọkọ̀ tí kì í tètè jí, ẹni tó ń tà á á ti jí i sílẹ̀ kí àlejò tó dé, kí ó lè dún dáadáa létí wọn. "Bíi tèmi náà ni," wọn á ní. "Ẹ wá wò mí ní ìdájí kí n tó mu tíì, ẹ ó mọ ibi tí mo bá ayé dé."

Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí bí wọ́n bá fẹ́ dán ọkọ̀ wò. Wọn kì í gbà láti jókòó níwájú láéláé. Wọ́n ní iwájú ni wọ́n ń tún ṣe fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọn yóò ní kí ẹni tó ń tà á wà á gba ọ̀nà Ìrolú, níbi tí kòtò pọ̀ sí, wọn yóò ṣí fìlà, wọn yóò di ojú wọn pinpin. Ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ ní Ṣàgámù rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà, ló bá ṣe "Àmín!" Bàbá Àgbà kò la ojú. Wọ́n ní: "Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ti kú. Gíà rẹ ń lọ́ra kó tó wọlé. Má ṣe àmín sí i."

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń ṣe kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá kàn án. Wọn yóò di bẹ́líìtì ìjókòó mú, wọn yóò fà á jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìparí rẹ̀, níbi tí kì í jáde dé bí ènìyàn bá dè é mọ́ra lásán. Ọkọ̀ tí omi ti bò mọ́lẹ̀ rí kí wọ́n tó kó o wá sí Nàìjíríà, wọ́n á fọ ìjókòó rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i. Àwọn tó ń tún un ṣe kì í sábà rántí ìparí bẹ́líìtì tó ká jọ sínú ara ọkọ̀. Ìlà omi máa ń wà níbẹ̀, àwọ̀ ẹrẹ̀, tààrà bí ẹni fi rúlà fà á. Bàbá Àgbà kórìíra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú lọ. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tó kú, o mọ̀ pé ó ti kú, ṣùgbọ́n wáyà ọkọ̀ tí omi mu ń jẹrà lábẹ́lẹ̀ ni. "Kò ní kú lónìí," wọn á ní. "Ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ ló ń dúró dè."

Ẹnu wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọra. Alhaji Sùbérù, tó ń ta obì ní Sábó ní Ṣàgámù, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà èwe ni. Alhaji lọ ra jíìpù dúdú kan tó ń dán, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn wà á wá sí Àkàkà ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ kí Bàbá Àgbà lè bá a yọ̀. Èmi ni mo gbé omi fún wọn. Bàbá Àgbà ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, lọ́fínńdà ta sí wọn nímú, wọ́n fa bẹ́líìtì, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀. Níwájú àwọn ọmọ Alhaji àti àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n ní: "Alhaji, pósí lẹ rà. Wọ́n kàn fi táyà sí i ni."

Alhaji kò mu omi tí mo gbé fún wọn. Wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ọyẹ́ fi wá tó sì lọ. Ìgbà tí jíìpù náà dákú pẹ̀lú ẹrù obì lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí obì sì ń gbóná nínú rẹ̀ títí ó fi bàjẹ́, ni Alhaji tó padà wá. Bàbá Àgbà fúnra wọn ló gbé àga fún un. Wọn kò ní "ṣé mo sọ fún ẹ". Alhaji ló sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ ní ohùn Rẹ́mọ tí wọ́n jọ fi dàgbà: "Tíṣà, dede Ṣàgámù pátá ni wẹ́n ti gbọ́ pé ẹ pe ọkọ̀ mi ní pósí. Ṣé ẹ ò lè rọra sọ ọ́ ni?" Bàbá Àgbà gbé omi síwájú rẹ̀. "Bí mo bá rọra sọ ọ́," wọ́n ní, "ṣé ẹ ó gbọ́?"

Jíìpù tiwọn fúnra wọn, ọ̀kan tó ní àwọ̀ eérú ni, tó rí gbàgìdì, tó ń pariwo débi pé bí a bá wà nílé a ti mọ̀ pé wọ́n ti dé orígun ọjà. Òun ló ń gbé aboyún lọ sí ọsibítù, òun ló ń gbé gbágùúdá, òun ló ń gbé ẹgbẹ́ akọrin, òun ló sì ń gbé òkú bọ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wo omi rádíétọ̀ àti ọ́ìlì rẹ̀ kí wọ́n tó wẹ̀. Màmá, ìyàwó wọn, máa ń ní orogún òun ni jíìpù yẹn, pé wọn kì í bèèrè bí òun ṣe sùn kí wọ́n tó bèèrè tirẹ̀. Bàbá Àgbà á rẹ́rìn-ín. "Ó ń pariwo," wọn á ní, "ṣùgbọ́n kì í purọ́."

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ Dádì mi báyìí. Dádì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Àgbà bí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Èkó dẹnu kọlẹ̀, ojú sì ń tì wọ́n láti wá sílé. Kérésì á dé, wọ́n á ní ara àwọn kò yá. Ọdún Àjíǹde á dé, wọ́n á ní iṣẹ́ pọ̀. Èmi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà mọ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á máa wo ọ̀nà bí ẹni tí kò wo nǹkan kan. Ọwọ́ Dádì padà wá tẹ nǹkan díẹ̀. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí Bàbá Àgbà, bí a ṣe ń jáde nílé ìjọsìn, jíìpù aláwọ̀ wúrà kan yọ, wọ́n fi rẹ́bọ́ọ̀nù pupa dè é lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dádì bọ́ sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ sí bàbá wọn.

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin ti sá lọ gbé omi àti ọṣẹ, nítorí a kì í ra ọkọ̀ tuntun ká má wẹ̀ ẹ́ nílùú wa. Orin ń lọ, àlùfáà ń gbàdúrà. Bàbá Àgbà ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n wọlé, wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn. Òórùn lọ́fínńdà gba inú ọkọ̀ kan. Mo rí ọwọ́ wọn tó lọ sí ibi bẹ́líìtì. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, ó dé ìparí, èmi náà sì rí ìlà náà, àwọ̀ ẹrẹ̀, tààrà. Dádì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Omi ọṣẹ kún aṣọ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré. "Bàbá, ó dára àbí kò dára?" Orin dákẹ́. Gbogbo Àkàkà mọ ẹnu Bàbá Àgbà, gbogbo Àkàkà sì ń dúró dè é.

Bàbá Àgbà rọra dá bẹ́líìtì náà padà títí ó fi wọlé tán. "Ó dára, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ó dára gan-an ni. Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ."

Ìgbà tí orin tún gbéra ni wọ́n tẹ̀ sétí mi. "Omi ti mu ún. Pa ẹnu rẹ mọ́. Jẹ́ kí ó gbádùn ọjọ́ òní."

Mo rò pé wọ́n máa sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Wọn kò sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Dádì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé. Oṣù kan kì í kọjá kí wọ́n má yọjú, wọ́n á jókòó pẹ̀lú bàbá wọn lábẹ́ igi obì, wọ́n á jọ jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, wọ́n á bèèrè bí jíìpù ṣe ń ṣe sí. Bàbá Àgbà á ní ó ń sáré bí ẹṣin. Ta ló fẹ́ ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́? Wọ́n ta jíìpù eérú náà fún oníṣòwò epo pupa kan ní Ìrolú, nítorí bí wọ́n bá rí wọn nínú èyí tó ti gbó, aráyé á ní ẹ̀bùn ọmọ wọn kò dára ni. Ó dun Màmá díẹ̀ pé orogún òun lọ, ṣùgbọ́n àwọn náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ní ìkọ̀kọ̀, Bàbá Àgbà ń pe rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, láti Ìkẹ́nnẹ́, ó ń pààrọ̀ wáyà kan lónìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí òjò bá ṣú, wọn kì í wà á jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò ni èémí Màmá há níbi tí wọ́n ti ń bó gbágùúdá. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí. Bàbá Àgbà wo ojú ọ̀run, wọ́n wo Màmá, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́. Mo gbé orí Màmá lé itan mi lẹ́yìn. A sọ̀ kalẹ̀ síbi odò, kí a tó dé Ìrolú, gbogbo iná iwájú Bàbá Àgbà tàn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ sì kú. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. Wọn kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí wọ́n mọ̀. Wọ́n gbé iwájú orí lé kẹ̀kẹ́ ìdarí, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sínú òjò, wọ́n dá ọlọ́kadà kan dúró. A gbé Màmá sáàárín, Bàbá Àgbà jókòó lẹ́yìn wọn, mo sì fi ìró Màmá fúnra wọn so àwọn méjèèjì pọ̀ kí Màmá má bàa ṣubú. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù ní Ìkẹ́nnẹ́, ìró náà ṣì wà ní síso, ṣùgbọ́n Màmá ti lọ.

Dádì dé ní ìrọ̀lẹ́, wọn kò wọ bàtà dáadáa. "Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá? Jíìpù ńkọ́?" Mo wo ẹnu Bàbá Àgbà. Ẹyin lohùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ kí wọ́n là á mọ́lẹ̀. Wọ́n ní: "Òjò ni. Ọjọ́ ìyá rẹ ló pé."

Wọn kò tún jíìpù náà ṣe mọ́, wọn kò sì tà á. Wọ́n ní kí wọ́n tì í wá sábẹ́ igi obì, koríko hù yí táyà rẹ̀ ká, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí ẹni tó ń lọ ibì kan ní ọjọ́ kejì. Alhaji bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn wá ẹni tí yóò rà á. "Ta ni mo fẹ́ tà á fún?" wọ́n ní. "Ẹni yẹn náà ní ìyàwó nílé." Láti ìgbà náà ni ẹnu wọn wá le sí i nídìí ọkọ̀. Wọ́n á pariwo mọ́ ẹni tí bẹ́líìtì ọkọ̀ rẹ̀ kàn dọ̀tí lásán. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ikú ìyàwó ló sọ wọ́n di oníkanra. Wọ́n ń sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo bi wọ́n léèrè ní Sátidé kan, nígbà tí mo ń bá wọn da omi. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún Dádì. Wọ́n nu gíláàsì ọkọ̀ náà títí. "Ìgbà tó yẹ kí n sọ ọ́, ìmọ̀ràn ni. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ẹ̀sùn ni."

Nígbà tí èmi náà fẹ́ ra jíìpù kékeré tí n ó máa fi lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n kọ̀ láti bá mi lọ. Ẹni tí gbogbo Rẹ́mọ ń bẹ̀! Mo bínú, mo sunkún díẹ̀ pàápàá. Wọ́n ní kí n mú Alhaji lọ, pé Alhaji kò fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. "Má ṣe mú ẹni tó fẹ́ràn rẹ lọ ra jíìpù. Yóò rí bí inú rẹ ṣe dùn, ẹnu rẹ̀ á wúwo."

Ní àárọ̀ kan, kí omi tíì tó hó, Bàbá Àgbà kú. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, nígbà tí àwọn àlejò ti ń dínkù, mo wá Dádì títí, mo rí wọn nínú jíìpù lábẹ́ igi obì. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí. Mo wọlé tì wọ́n. Wọ́n di bẹ́líìtì náà mú lọ́wọ́, wọ́n ti fà á dé ìparí, ìlà ẹrẹ̀ náà sì wà lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Nígbà tí a sin Màmá tán ni mo kọ́kọ́ fà á," wọ́n ní. "Ọmọ Tíṣà ni mí, mo mọ ohun tí mo rí. Mo sì mọ̀ pé kò sí bí Bàbá ò ṣe ní ti rí i ṣáájú mi. Mo wá ń dúró kí wọ́n bú mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá, màá jókòó níwájú wọn, màá dúró. Wọ́n bú Alhaji. Wọ́n bú gbogbo ayé. Àmọ́ èmi, wọ́n á ní kí n jẹ ọ̀jọ̀jọ̀." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ lo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Kí ni wọ́n sọ?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo ní: "Bàbá Àgbà ní kí a jẹ́ kí ẹ gbádùn ọjọ́ náà."

Dádì tú bẹ́líìtì náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ká ara rẹ̀ padà mọ́, wọ́n ní láti máa fi ọwọ́ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá ì bá kúkú bú mi," wọ́n ní. "Ojú á tì mí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, màá wa ọkọ̀ mi padà sí Èkó, mo lè má wá sílé fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n jíìpù eérú yẹn ni ì bá gbé ìyá mi lọ sí Ìkẹ́nnẹ́."

Mo na ọwọ́, mo bá wọn ti ìyókù bẹ́líìtì náà wọlé.